Orí Keje: Bí A Ṣe Ń Ta Oníròyìn Lólobó Láìfi Ipasẹ̀ Sílẹ̀

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó rí i pé owó oògùn ilé ìwòsàn ti wọ àpò ọ̀gá, akọ̀wé ilé-iṣẹ́ tó mọ̀ pé wọ́n ń da èérí olóró sí odò tí ará àdúgbò ń pọn, nọ́ọ̀sì tó mọ̀ pé oògùn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ni wọ́n ń fún aláìsàn: àwọn ni orí yìí wà fún. Ẹ̀rù tó kọ́kọ́ máa ń ba irú wọn ni pé oníròyìn lè dárúkọ àwọn. Ẹ̀rù náà ní ìdí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni ewu pọ̀ sí jù. Bí a bá wo àwọn ọ̀rọ̀ tó ti dé kóòtù àti àgọ́ ọlọ́pàá, a óò rí i pé ẹnu oníròyìn kọ́ ló sábà máa ń tú àṣírí ẹni tó ta á lólobó. Ipasẹ̀ ló máa ń tú u: ta ló pe ta, lọ́jọ́ wo, láti orí fóònù wo, ta ló ṣí ìwé náà kẹ́yìn, ta ló tẹ̀ ẹ́ jáde. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níbí ni pé ààbò yín kò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìròyìn bá jáde, kò sì sí lọ́wọ́ oníròyìn nìkan. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ pàá, kí oníròyìn tó mọ̀ pé ẹ wà láyé, ni a ti ń pinnu rẹ̀.

Ẹjọ́ Reality Winner ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn. Winner ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń báṣẹ́ ṣe fún NSA, àjọ tó ń tẹ́tí sí ìbánisọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè fún ìjọba Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2017, ó tẹ ìwé àṣírí kan jáde lórí bí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣe gbìyànjú láti wọ inú ẹ̀rọ ètò ìdìbò Amẹ́ríkà, ó sì fi í ránṣẹ́ sí ilé ìròyìn The Intercept nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́. Kò kọ orúkọ sí i. Ilé ìròyìn náà fi ẹ̀dà ìwé náà han ìjọba kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Àwọn aṣèwádìí rí i pé ojú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ìwé náà po ṣì hàn lára ẹ̀dà yẹn, wọ́n sì gbà pé ẹnìkan ló tẹ̀ ẹ́ tó sì gbé e jáde lọ́wọ́. Wọ́n wo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ: ènìyàn mẹ́fà péré ló tẹ̀ ẹ́. Wọ́n yẹ kọ̀ǹpútà àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wò: ẹyọ kan ni wọ́n ti fi ímeèlì bá ilé ìròyìn náà sọ̀rọ̀ rí, lórí ọ̀rọ̀ tí kò tiẹ̀ kan ìwé náà. Oṣù kẹfà ọdún yẹn ni wọ́n mú un, nígbà tó sì di ọdún 2018 ilé-ẹjọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́ta. Kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ fún ọlọ́pàá. Àpapọ̀ àwọn ohun kéékèèké tí kò kà sí ló mú un, gbogbo wọn ló sì ti ṣẹlẹ̀ kí ìròyìn tó jáde.

Ọ̀rọ̀ wo ló tọ́ sí oníròyìn

Kí ẹ tó ronú nípa ọ̀nà tí ẹ óò gbà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ìjà àárín ẹ̀yin àti ọ̀gá, ìgbéga tí wọn kò fún yín, ọ̀rọ̀ inú ilé ẹlòmíràn, gbogbo ìwọ̀nyẹn kò tó ohun tí ènìyàn ń fi iṣẹ́ rẹ̀ wewu fún. Ohun tó tọ́ sí oníròyìn ni èyí tó kan ará ìlú: owó gbogbogbòò tí wọ́n kó jẹ, ewu tí wọ́n fi pamọ́ fún àwọn tí yóò jìyà rẹ̀, òfin tí àwọn tó yẹ kó pa á mọ́ ń rú. Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀dàlẹ̀ ni ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ rẹ̀ síta. Àtakò náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ dé ìwọ̀n kan, nítorí kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè dúró bí gbogbo ará inú rẹ̀ bá ń ro ohun gbogbo kalẹ̀ lóde. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ni ohun tí wọ́n ń bò. Bí oníṣòwò ṣe ń po ọṣẹ rẹ̀ jẹ́ àṣírí òwò tirẹ̀; èérí tó ń dà sí odò kì í ṣe tirẹ̀, nítorí ará ẹni tó ń mu omi náà ni yóò ṣàìsàn. Ní ọ́fíìsì ìjọba, owó ìlú ló ń san owó oṣù ọ̀gá àti ti ọmọ iṣẹ́, ìlú ni wọ́n jọ ń sìn. Ẹni tó sọ fún olówó pé wọ́n ń jí owó rẹ̀ kó kò da ẹnikẹ́ni.

Ìbéèrè kejì ni bóyá ẹ ti fi ẹ̀sùn náà sun àwọn aláṣẹ nínú ilé. Ó dára kí ènìyàn kọ́kọ́ gbìyànjú àtúnṣe lábẹ́lé, bí àwọn tó yẹ kó gbọ́ kò bá lọ́wọ́ nínú ìwà náà. Ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ: bí ẹ bá ti kọ lẹ́tà ẹ̀sùn, tí ẹ fọwọ́ sí i, tí ọ̀rọ̀ kan náà wá jáde nínú ìwé ìròyìn lóṣù kejì, ẹ̀yin ni gbogbo ojú yóò kọ́kọ́ yíjú sí. Ẹni tó ti pariwo nínú ilé kò lè fara pa mọ́ mọ́. Ohun tó kù fún un ni agbẹjọ́rò, ẹ̀rí tó lágbára, àti kó máa jẹ́ kí ohun gbogbo hàn pé ó tẹ̀lé ìlànà. Ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀ ṣì ní ọ̀nà méjì níwájú, kó sì yan ọ̀kan kó tó la ẹnu.

Nígbà tí ẹ bá ti pinnu, ẹ to ọ̀rọ̀ yín. "Ọ̀gá wa ń jalè" kì í ṣe olobó, ìbínú ni. Olobó ni pé wọ́n san owó kànga mẹ́ta ní oṣù kẹta, pé kò sí kànga kankan ní abúlé tí wọ́n dárúkọ, pé báyìí-báyìí ni orúkọ ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà, pé ìwé ìsanwó wà ní ẹ̀ka ìṣúná. Ẹ ya ohun tí ẹ fojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún yín, kí ẹ sì ya méjèèjì sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ rò. Oníròyìn tó mọṣẹ́ kì í gbé ọ̀rọ̀ jáde nítorí pé ẹnìkan sọ bẹ́ẹ̀. Ó ń wá ibi tí òun fúnra rẹ̀ lè gbà débẹ̀. Bí ẹ bá ṣe júwe ọ̀nà náà tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rọrùn fún un láti rìn ín láìmú yín dání.

Ibí ni agbára olobó àti ààbò ẹni tó ta á ti pàdé, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì mọ̀ ọ́n. Wọ́n rò pé dandan ni kí àwọn kó ìwé jáde kí wọ́n tó gba àwọn gbọ́. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Nàìjíríà, ó sì fún ilé-iṣẹ́ náà ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Àjọ CAC ń tọ́jú orúkọ àwọn tó dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Láti òpin ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣí ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Open Treasury Portal, láti máa gbé àwọn owó tí ó ń san síbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá kàn sọ orúkọ ìwé tí oníròyìn yóò béèrè, nọ́ńbà rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀ àti ọ́fíìsì tó wà, ó lè kọ lẹ́tà béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn ọ́fíìsì kan kì í dáhùn, nígbà mìíràn sì rèé, lẹ́tà náà á ta ọ̀gá lólobó pé wọ́n ń wádìí òun. Oníròyìn ló máa wọn èyí. Ṣùgbọ́n níbi tó bá ti ṣeé ṣe, ìwé tí ọ́fíìsì fọwọ́ ara rẹ̀ fi sílẹ̀ ni yóò wà nínú ìròyìn, ọwọ́ yín kò ní í sí lára rẹ̀.

Ẹni tí oníròyìn mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀

Oríṣi àṣírí méjì ló wà. Nínú ti àkọ́kọ́, oníròyìn mọ ẹni tí ẹ jẹ́, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní í sọ ọ́. Nínú ti èkejì, òun gan-an kò mọ̀ yín. Mark Felt, igbákejì ọ̀gá ní àjọ FBI, wà nínú ti àkọ́kọ́. Òun ló ń tọ́ Bob Woodward ti Washington Post sọ́nà lórí ọ̀rọ̀ Watergate, ìwà ọ̀daràn tó kan àwọn ènìyàn Ààrẹ Nixon ti Amẹ́ríkà, láti ọdún 1972, ọdún 2005 ni òun àti ẹbí rẹ̀ sì tó jẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun ni. Woodward kò já ìlérí rẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Síbẹ̀, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Ààrẹ Nixon fi hàn pé ní oṣù kẹwàá ọdún 1972 ni olórí òṣìṣẹ́ Ààrẹ, Haldeman, ti sọ fún un pé Felt ló ń sọ̀rọ̀ síta, ó sì ní ọ̀dọ̀ ẹnìkan tó mọ inú ilé ìròyìn kan ni òun ti gbọ́. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìlérí oníròyìn kan kò de ẹnu gbogbo ará ọ́fíìsì rẹ̀. Kí ẹ tó sọ orúkọ yín, ẹ béèrè: ta ni mìíràn tí yóò mọ̀? Ṣé olóòtú nìkan ni? Ṣé wọn yóò kọ orúkọ mi sílẹ̀ níbì kan?

Oríṣi kejì ni ti ẹni tó kó Panama Papers jáde, ìyẹn àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá àwọn olówó fi ohun ìní pamọ́ sí òkèèrè. Ó bá Bastian Obermayer ti ìwé ìròyìn Süddeutsche Zeitung ní Jámánì sọ̀rọ̀, ó pe ara rẹ̀ ní John Doe, ó sì sọ fún un pé àwọn kò ní í pàdé lójúkojú láéláé. Àkọsílẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 11 ló fi ránṣẹ́. Àwọn ilé ìròyìn tó lé ní ọgọ́rùn-ún káàkiri ayé, Premium Times ti Nàìjíríà wà lára wọn, jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2016. Olórí ìjọba ilẹ̀ Iceland kọ̀wé fipò sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, títí di òní ayé kò sì mọ ẹni tí John Doe jẹ́. Èyí ni ìdáhùn fún àwọn tó ń sọ pé kò sẹ́ni tí yóò gba ọ̀rọ̀ aláìlórúkọ gbọ́. Ìwé náà ni wọ́n gbà gbọ́, nítorí wọ́n lè fi í wé àkọsílẹ̀ kóòtù àti ti ìjọba kí wọ́n rí i pé ó bára mu. Orúkọ wúlò nígbà tó jẹ́ pé ohun tí ẹ fojú rí nìkan ni ẹ̀rí, nítorí oníròyìn ní láti mọ̀ pé ẹ wà níbi tí ẹ ti lè rí i. Bí ẹ̀rí bá dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ lè pa orúkọ mọ́.

Bó ti wù kó jẹ́, ẹ jọ ṣe àdéhùn kí ẹ tó sọ kókó ọ̀rọ̀. Ẹ má rò pé gbogbo ohun tí ẹ bá sọ fún oníròyìn ti di àṣírí nítorí pé ẹ sọ ọ́ ní ohùn ìsàlẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ó lè lo ọ̀rọ̀ yín, bóyá ó lè pè yín ní "òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà" tàbí "ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà", nítorí ní ọ́fíìsì tí ènìyàn rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, "òṣìṣẹ́ ẹ̀ka ìṣúná" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orúkọ. Kí ó gbà kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ohun tí ẹ bá ti sọ tán, ẹ kò lè padà dè é ní àdéhùn.

Ohun tí fóònù ń sọ nípa yín

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, ọlọ́pàá Nàìjíríà mú Samuel Ogundipe, oníròyìn Premium Times, nítorí ìròyìn kan tó gbé jáde lórí ìwé tí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá kọ ránṣẹ́ sí ìjọba lórí bí àwọn òṣìṣẹ́ àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS ṣe dí ẹnu ọ̀nà Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Wọ́n ní kó sọ ẹni tó fún un ní ìwé náà. Wọ́n ti owó rẹ̀ pa ní báńkì, wọ́n fi í sí àhámọ́, wọ́n sì gbé e lọ sílé-ẹjọ́. Kò sọ. Ọ̀pọ̀ oníròyìn wa ló ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ ká yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé ìgboyà oníròyìn ti gbàgbé pé fóònù kò ní ìgboyà. Àjọ CPJ, tó ń dáàbò bo àwọn oníròyìn káàkiri ayé, kọ ní ọdún 2020 pé ọlọ́pàá Nàìjíríà ń gba àkọsílẹ̀ ìpè àwọn oníròyìn láti ilé-iṣẹ́ fóònù, wọ́n á wo àwọn tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á sì lo àwọn yẹn láti fi tan oníròyìn jáde. Àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka sí oníròyìn lè tọ́ka sí ẹ̀yin náà.

Ẹ wo ohun tí òfin ti tò sílẹ̀. Láti òpin ọdún 2020 ni ìjọba ti ní kí gbogbo síìmù so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, nítorí náà nọ́ńbà yín ni orúkọ yín. Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015, ní abala 38, sọ pé kí ilé-iṣẹ́ fóònù àti ti íntánẹ́ẹ̀tì tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbánisọ̀rọ̀ fún ọdún méjì. Ìpè ìṣẹ́jú kan tí ẹ pe oníròyìn lónìí yóò ṣì wà níbẹ̀ ní ọdún tó ń bọ̀. Àwọn kan á ní WhatsApp làwọn ń lò, àti pé kò sẹ́ni tó lè ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Òótọ́ ni pé a ti pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́ láàárín ẹni méjì tó ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yín ló wà lórí fóònù oníròyìn, bí wọ́n bá sì gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ ní àgọ́, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀ kedere. Síwájú sí i, ẹni tó ń wá yín kò nílò ohun tí ẹ sọ. Bó bá mọ̀ pé ẹ bá oníròyìn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú ìròyìn, ó ti tó o. Nítorí náà, ẹ má pe oníròyìn láti orí fóònù ibi iṣẹ́, ẹ má lo ímeèlì ibi iṣẹ́, ẹ má sì so fóònù yín mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ibi iṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má ra síìmù tí wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn forúkọ sílẹ̀. Òfin kò gbà á, bí ẹ bá sì lò ó lórí fóònù tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, fóònù náà ni yóò tú u.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ lè gbà dé

Kò sí ọ̀nà kan tó dára fún gbogbo ènìyàn. Ẹ wo ẹni tí yóò wá yín, kí ẹ yan èyí tó ju agbára rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé aládàáni ni, kò lè gba àkọsílẹ̀ ìpè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ fóònù. Bó bá jẹ́ aláṣẹ tí ọlọ́pàá ń gbọ́ tirẹ̀, ó lè gbà á. Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ Signal ti tó, bí wọ́n bá lò ó lórí fóònù ara wọn tí wọ́n sì ṣètò rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ máa pa ara rẹ̀ rẹ́. Ní ọdún 2016, nígbà tí ilé-ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí Signal kó ohun tó mọ̀ nípa ẹnìkan wá, ọjọ́ tí ẹni náà forúkọ sílẹ̀ àti ọjọ́ tó lò ó kẹ́yìn nìkan ló rí kó sílẹ̀, nítorí kì í tọ́jú ju ìyẹn lọ. Láti ọdún 2024, ẹ lè yan orúkọ kan níbẹ̀ tí nọ́ńbà yín kò ní í hàn sí ẹni tí ẹ bá ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ yí ètò náà padà kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Fún ọ̀rọ̀ tó wúwo, SecureDrop wà, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ilé ìròyìn fi ń gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ sọ orúkọ. Aaron Swartz àti Kevin Poulsen ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, The New Yorker ló kọ́kọ́ lò ó ní ọdún 2013, Freedom of the Press Foundation ló sì ń tọ́jú rẹ̀ báyìí. Orí Tor Browser, tó ń bo ibi tí ẹ wà mọ́lẹ̀, lẹ óò ti ṣí i. Kò ní béèrè orúkọ tàbí ímeèlì. Yóò fún yín ní àkójọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹ óò fi padà wá wo èsì. Ní ilé ìròyìn, kọ̀ǹpútà tí kò so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì rárá ni wọ́n ti ń ṣí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́. Ní Nàìjíríà, àwọn ilé ìròyìn kan para pọ̀ dá Leaks.NG sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí. Kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé ojúlé kankan, ẹ wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì mú àdírẹ́sì rẹ̀ láti ojúlé ilé ìròyìn fúnra rẹ̀, ẹ má mú un nínú ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan fi ṣọwọ́ sí yín.

Ẹ má fojú di ọ̀nà àtijọ́. Lẹ́tà tí kò ní orúkọ, tí ẹ fi sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ ní àdúgbò tí kì í ṣe tiyín, kò ní àkọsílẹ̀ ìpè. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ ni ọwọ́ ìkọ̀wé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín mọ̀, tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ibi iṣẹ́. Ìpàdé lójúkojú náà dára, bí ẹ bá fi fóònù sílé, tí ẹ sì yan ibi tí kò sí ojúlùmọ̀. Ìṣòro lẹ́tà ni pé oníròyìn kò lè bi yín ní ìbéèrè. Nítorí náà, ẹ kọ ohun gbogbo tó lè fi wádìí sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìwé, fọ́tò àti fáìlì

Bó bá di dandan pé kí ìwé jáde, ẹ kọ́kọ́ ka iye ènìyàn tó ní i lọ́wọ́. Ìwé tí igba ènìyàn gbà lè jáde láìtọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Ìwé tí ènìyàn mẹ́ta gbà ti mú ọ̀kan nínú mẹ́ta. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún oníròyìn pé kó má tẹ ẹ̀dà rẹ̀ jáde, kó má sì fi í han ẹni tó bá fẹ́ bi léèrè bóyá òótọ́ ni, àfi kó ka kókó inú rẹ̀ fún un. Ẹ má ṣí ìwé tí iṣẹ́ yín kò kàn nítorí olobó, nítorí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ yóò fi hàn pé ẹ wá a. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé aláwọ̀ púpọ̀ a máa tẹ àmì kéékèèké aláwọ̀ ìyeyè tí ojú lásán kò rí sára ìwé, àwọn àmì náà sì máa ń sọ nọ́ńbà ẹ̀rọ àti àkókò tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Fáìlì a máa ru orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sínú. Fọ́tò tí ẹ yà pẹ̀lú fóònù lè ru ibi tí ẹ dúró sí: ní oṣù kejìlá ọdún 2012, nígbà tí John McAfee, oníṣòwò ètò kọ̀ǹpútà, ń sá fún ọlọ́pàá ilẹ̀ Belize, fọ́tò kan tí ìwé ìròyìn Vice gbé jáde ló fi hàn pé Guatemala ló wà, nítorí ibi tí wọ́n ti yà á ṣì wà nínú fáìlì náà. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ tún ọ̀rọ̀ náà kọ yàtọ̀ dípò kí ẹ fi ojúlówó ránṣẹ́, tàbí kí ẹ sọ fún oníròyìn kó tún un kọ kó tó fi han ẹnikẹ́ni. Ohun tí Reality Winner kò rí gbà nìyẹn.

Ibi tí òfin gbà wá dé

Ẹlòmíràn yóò béèrè pé kí ló dé tí a ó fi fara pa mọ́ bí òfin bá wà lẹ́yìn wa. Lóòótọ́, òfin ọdún 2011 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sọ ní abala 27 pé kò sí ohun tó wà nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tàbí Òfin Àṣírí Ìjọba ti ọdún 1962 tó gbọ́dọ̀ pa òṣìṣẹ́ ìjọba lára bó bá tú ohun tó gbà pé ó fi rírú òfin, jìbìtì, ìfowóṣòfò ńlá, àṣìlò agbára tàbí ewu fún ìlera ará ìlú hàn, bí kò tilẹ̀ gba àṣẹ. Ó dáàbò bo ẹni tó gba ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò mọ̀ pé abala yìí wà, ó sì yẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló dárúkọ. Kò dárúkọ òṣìṣẹ́ báńkì tàbí ti ilé-iṣẹ́ aládàáni. Iwájú adájọ́ ni ẹ ti máa lò ó, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú yín. Kò sì lè dí ọ̀gá lọ́wọ́ láti gbé yín lọ sí ibi tí kò sí iṣẹ́, láìsọ ìdí rẹ̀.

Ìtàn àwọn oníròyìn wa náà sọ ohun kan náà. Ní ọdún 1984, lábẹ́ Dẹkírì Kẹrin ti ìjọba ológun, wọ́n sọ Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian sẹ́wọ̀n ọdún kan nítorí ìròyìn tí wọ́n gbé jáde. Ṣáájú ìgbà yẹn, nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fẹ́ kí Tony Momoh, olóòtú Daily Times, wá ṣàlàyé ibi tí ìròyìn rẹ̀ ti wá, Ilé-ẹjọ́ Gíga dá a láre, ṣùgbọ́n Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà. Ìlànà iṣẹ́ ìròyìn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Ìlọrin ní ọdún 1998 sọ pé oníròyìn kò gbọ́dọ̀ tú ẹni tó fọ̀rọ̀ pamọ́ sí i lọ́wọ́, Àjọ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Áfíríkà sì fi ààbò náà sínú ìkéde rẹ̀ ti ọdún 2019. Gbogbo ìwọ̀nyí dára, kí ẹ sì dì wọ́n mú. Ṣùgbọ́n òfin ni ògiri tó wà lẹ́yìn. Kí ẹ má fi ẹ̀yìn tì í àfi bí ọ̀nà bá há. Bí ọ̀rọ̀ yín bá wúwo, ẹ rí agbẹjọ́rò kí ẹ tó rí oníròyìn. PPLAAF, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dakar ní ọdún 2017, ń gbèjà àwọn tó ń tú irú àṣírí yìí ní Áfíríkà.

Àwọn kan á béèrè owó. Ètò tí Ilé-iṣẹ́ Ìṣúná Àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2016 ṣèlérí ìdá 2.5 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá gbà padà. Ó so èso: olobó ló mú EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, dé ilé kan ní Ìkòyí ní oṣù kẹrin ọdún 2017, níbi tí wọ́n ti bá owó dọ́là tó lé ní mílíọ̀nù 43. Ṣùgbọ́n ìjọba ni ètò náà ní kí ẹ sọ fún, kì í ṣe ilé ìròyìn. Oníròyìn tó mọyì iṣẹ́ rẹ̀ kì í ra olobó, ẹni tó bá sì béèrè owó ti fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ohun tí yóò fi sọ pé irọ́ ni.

Lẹ́yìn tí ìròyìn bá jáde

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọjọ́ tí ìròyìn bá jáde ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lanu. Ọ̀kan á fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ọ̀kan á kà á lórí kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ nígbà mẹ́wàá, ọ̀kan á máa yìn ín ju bó ti yẹ lọ. Bí àwọn yòókù bá ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ẹ sọ bí wọ́n ṣe ń sọ. Ẹ má dákẹ́ jù, ẹ má sọ̀rọ̀ jù. Ẹ má tètè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ẹ má sọ fún ọkọ tàbí ìyàwó bí kò bá pọn dandan. Ẹni tí kò mọ̀ kò ní ohun tí wọ́n máa fipá gbà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi sùúrù dúró kí ẹ tó tún bá oníròyìn sọ̀rọ̀, nítorí àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n ń ṣọ́ ọ.

Àtakò kan kù tó yẹ ká dáhùn tọkàntọkàn: ṣé fífi orúkọ pamọ́ kò ní í ṣí ilẹ̀kùn fún abanijẹ́? Ó lè ṣí i, bí ilé ìròyìn bá ń gbé ohun tó gbọ́ jáde láìwádìí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ yan ilé ìròyìn tó máa ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, tó máa ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe ní gbangba, tó sì máa ń bi ẹ̀yin gan-an ní ìbéèrè líle. Bí oníròyìn bá gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ láìbéèrè ohunkóhun, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò ní í tọ́jú àṣírí yín dáadáa ju bó ṣe tọ́jú òtítọ́ lọ. Ìwádìí tó ń dáàbò bo ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kúrò lọ́wọ́ irọ́ náà ló ń dáàbò bo ẹ̀yin, nítorí ìròyìn tó ti ní ẹ̀rí tirẹ̀ kò nílò ẹlẹ́rìí tí a ó fà síta.

Nítorí náà, bí ẹ bá mọ ohun tó ń pa ará ìlú lára, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù pa yín lẹ́nu mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ìbínú tì yín sọ̀rọ̀ láìmúra. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ronú: ta ló mọ ohun tí mo mọ̀, kí ni oníròyìn lè rí láìsí èmi, ọ̀nà wo ni ẹni tó ń wá mi kò lè tọ̀? Nígbà tí ẹ bá ti dáhùn ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ sọ ọ́. Ìlú nílò ohun tí ẹ mọ̀, ó sì nílò kí ẹ wà lórí iṣẹ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá sọ ọ́ tán.